Kí ẹ tó yọ òkèlè kúrò nínú àwo, oògùn wo lẹ̀ ń lò?

Ẹ̀yin náà ti rí i lórí WhatsApp status, àwòrán méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ti apá òsì ikùn yọ síwájú, ti apá ọ̀tún ikùn ti wọlé, wọ́n á wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kílò mẹ́rin ní ọ̀sẹ̀ kan péré, kò sí jímù, kò sí oògùn, ẹ yọjú sí inbox fún meal plan. Mi ò sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa o. Ohun tó jẹ́ kó ṣòro láti bá wọn jiyàn gan-an nìyẹn, torí kílò yẹn lè lọ lóòótọ́, ẹni tó wà nínú àwòrán gun òṣùwọ̀n, òṣùwọ̀n sì sọ bẹ́ẹ̀. Kílò ti kí ni wá ni? Ibẹ̀ ni wọn kì í dé.

Ara wa máa ń kó ṣúgà pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, glycogen lorúkọ ẹ̀, àgbàlagbà kan lè ní bíi gíráàmù 400 sí 500 lára, gíráàmù kọ̀ọ̀kan sì máa ń so omi bíi gíráàmù mẹ́ta mọ́ra. Tẹ́ ẹ bá wá yọ ẹ̀bà, àmàlà, ìrẹsì àti búrẹ́dì kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, ara á ná èyí tó wà nípamọ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan, omi tó wà lára ẹ̀ á bá ìtọ̀ lọ, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, ìyẹn nìkan lè tó kílò méjì kó tó kan ọ̀rá rárá. Ìdí nìyẹn tẹ́ni tó ti ń yọ̀ látọjọ́ yìí á fi jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù àwo kan níbi ìnáwó Sátidé, kó gun òṣùwọ̀n láàárọ̀ Mọ́ńdè, kó bú sẹ́kún. Kò tíì sanra o, omi ẹ̀ ló padà wálé. Iyọ̀ náà máa ń bá omi yẹn jáde, ẹ fi ọ̀rọ̀ iyọ̀ yẹn sọ́kàn, mo ṣì máa padà sí i.

Nílé tiwa, ẹni tí kò bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà ló ní, àwọn kan sì kó méjèèjì pọ̀ bí ẹni kó àkàrà mọ́ ẹ̀kọ. Torí ẹ̀ ọ̀rọ̀ diet kì í ṣe ọ̀rọ̀ kí aṣọ ẹbí lè wọ̀ wá nìkan. Màámi ti ṣe no-swallow rí, bùrọ̀dá mi ti ṣe keto, àǹtí mi tó jẹ́ àbúrò màámi ti ṣe gbogbo ẹ̀ pátá, títí kan èyí tí wọ́n ń mu omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti atalẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Mi ò wá bú diet kankan lónìí. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé oògùn ni gbogbo àwọn diet tó le yìí. Wọ́n lágbára bí oògùn, wọ́n sì lè pa èèyàn lára bí oògùn, pàápàá tí wọ́n bá lọ pàdé oògùn mìíràn tó ti wà nínú ara tẹ́lẹ̀, a sì ń gbà wọ́n lọ́wọ́ ẹni tí kò béèrè kí là ń lò.

Ẹ wo keto. Ọ̀pọ̀ rò pé Instagram ló bí i. Ọdún 1921 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Russell Wilder ní ilé ìwòsàn Mayo Clinic, ìpínlẹ̀ Minnesota l'Amẹ́ríkà, dá a lábàá fún àwọn tó ní wárápá. Àwọn dókítà ti ṣàkíyèsí pé tí ẹni tó ní wárápá bá gbààwẹ̀ fọ́jọ́ díẹ̀, gìrì ẹ̀ máa ń dín kù, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa gbààwẹ̀ títí ayé, ni Wilder bá rò ó pé tí wọ́n bá fún èèyàn ní ọ̀rá púpọ̀, tí wọ́n gba ṣúgà àti oúnjẹ oníṣítáàṣì kúrò lẹ́nu ẹ̀, ẹ̀dọ̀ á máa sọ ọ̀rá di ketone, ọpọlọ á máa fìyẹn ṣiṣẹ́, ara á rò pé òun wà nínú àwẹ̀. Ó sì ṣiṣẹ́. Ìgbà tí oògùn phenytoin dé ní 1938 ni wọ́n pa á tì díẹ̀díẹ̀, torí ó rọrùn kéèyàn gbé hóró oògùn mì ju kó máa wọn bọ́tà ní gíráàmù-gíráàmù lọ. Àmọ́ kò kú. Ní 2008 àbájáde ìwádìí kan jáde látọ̀dọ̀ àwọn dókítà ilé ìwòsàn ọmọdé Great Ormond Street ní London, àwọn ọmọ 145 tí oògùn ò ràn lọ́wọ́ ni wọ́n fi ṣe é, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, gìrì dín kù ju ìdajì lọ lára 38 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wà lórí keto, nígbà tó jẹ́ 6 péré nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn tí wọn ò tíì fún. Oògùn gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń fún wọn: dietitian, ìyẹn onímọ̀ nípa oúnjẹ, ló ń bá wọn wọn oúnjẹ, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò, wọ́n ń ṣọ́ kíndìnrín ẹ̀ torí òkúta máa ń wà nínú kíndìnrín àwọn kan lára wọn, wọ́n ń wọn bó ṣe ga tó torí ó lè fa ìdàgbàsókè ọmọ sẹ́yìn, wọ́n sì ń fi fáítámì kún un.

Àwọn obìnrin wa níbí ti sọ keto di tiwọn, mo sì gbà fún wọn, wọ́n á lọ kábéèjì, wọ́n á fún omi ẹ̀ dànù, wọ́n á po psyllium, èèpo hóró kan tí wọ́n lọ̀, mọ́ ọn, ó di òkèlè, wọ́n á fi jẹ ẹ̀fọ́ rírò tó ní irú àti pọ̀nmọ́ dáadáa. Ẹni tó ń ṣe keto kì í sábà jẹ ju nǹkan bíi gíráàmù 20 sí 50 carb, ìyẹn ṣúgà àti ṣítáàṣì inú oúnjẹ, lọ lójúmọ́. Gàrí gíráàmù 100, tó jẹ́ pé ẹ̀bà tó máa mú wá, ọkùnrin tó ṣiṣẹ́ oko ò ní kà á sí oúnjẹ, carb inú ẹ̀ lé ní 80. Torí náà kò sí pé mo jẹ ẹ̀bà díẹ̀ lórí keto. Ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà tó ṣe é, ṣúgà ẹ̀ máa wálẹ̀, mo rí i lára bùrọ̀dá mi, nọ́ńbà orí glucometer ẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà ẹ̀jẹ̀, dáa débi pé ó ń ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo wa láràárọ̀. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní triglyceride náà sábà máa ń wálẹ̀. LDL ló máa ń ṣe tiẹ̀ lọ́tọ̀, èyí tó ń lẹ̀ mọ́ inú òpó ẹ̀jẹ̀ yẹn, ó máa ń fò sókè lára àwọn kan, àgàgà àwọn tó gbà pé bọ́tà, epo àgbọn àti awọ adìẹ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni keto. Bùrọ̀dá mi wà lára wọn. Kò ya fọ́tò tìyẹn ránṣẹ́ ṣá.

Ọ̀rọ̀ àǹtí mi gan-an ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Léèsì àti ánkárá ni wọ́n ń tà ní ọjà kan níbí ní Ìbàdàn, ìtọ̀ ṣúgà wọn ti pẹ́, glibenclamide ni wọ́n ń lò fún un láàárọ̀, pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru méjì tí ọ̀kan nínú ẹ̀ jẹ́ èyí tó máa ń jẹ́ kéèyàn tọ̀ ṣáá. Wọ́n wọ ẹgbẹ́ kan lórí WhatsApp, wọ́n sanwó, coach ní kí wọ́n má jẹun títí aago méjì ọ̀sán, kí wọ́n má sì fẹnu kan òkèlè. Àǹtí mi kì í fi nǹkan ṣeré, tí wọ́n bá ní àwọn ń ṣe nǹkan, wọ́n á ṣe é dópin. Wọ́n ń gbé oògùn wọn mì láàárọ̀ bí dókítà ṣe wí, wọn ò sì jẹun bí coach ṣe wí. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, wọ́n gbọ́ ti dókítà, wọ́n gbọ́ ti coach, wọn ò rú òfin ẹnikẹ́ni. Glibenclamide ò mọ̀ pé èèyàn wà lórí diet, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó mú kí ara máa tú insulin jáde, èyí tó máa ń fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, oúnjẹ ì báà wà nínú, ì báà má sí. Kó tó di aago méjìlá ọjọ́ kan àǹtí mi ti ń làágùn lábẹ́ fáànù, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, wọ́n ń sọ ohun tí kò lórí tí kò nídìí fún oníbàárà, inú sì ń bí wọn sí gbogbo èèyàn. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn rò pé àwọn ayé ni, ó ti ń pe Jésù lóhùn rara. Ìyá àgbà kan tó ń ta ata lódìkejì, tí ọkọ tiẹ̀ náà ní ṣúgà, ló sáré wá, ó ní kí wọ́n mú mínírà wá kíá, èyí tó ní ṣúgà o, ó ń fún wọn mu díẹ̀díẹ̀ torí wọ́n ṣì lè gbé e mì. (Tó bá jẹ́ pé èèyàn ti dákú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má da nǹkan kan sí i lẹ́nu, ó lè gba ọ̀nà òdì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ọsibítù ni kẹ́ ẹ sáré gbé e lọ.) Glibenclamide kì í tètè kúrò lára, torí ẹ̀ ni dókítà ò ṣe jẹ́ kí wọ́n lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, gbogbo ìgbà ni wọ́n ń gún wọn níka wò.

Mo wá wo fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi wọ ẹgbẹ́ yẹn. Wọ́n béèrè ìbàdí, wọ́n béèrè itan, wọ́n béèrè kílò tẹ́ ẹ fẹ́ dé, wọ́n béèrè bóyá ẹ ní ìnáwó tó ń bọ̀. Kò sí ìlà kan ṣoṣo tí wọ́n ti béèrè oògùn. Bí mo sì ṣe ń kọ èyí, fọ́tò àǹtí mi ṣì wà lára ẹ̀rí tí coach náà ń gbé kiri, kílò mẹ́ta, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run.

Mo jókòó ti ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ apoògùn, mo ní kó máa ka èyí tó léwu fún mi. Insulin àti glibenclamide pẹ̀lú àwọn ẹbí ẹ̀, ẹ ti gbọ́ ìyẹn. Metformin, oògùn ṣúgà mìíràn, òun nìkan kì í sábà fa ṣúgà wálẹ̀ débi báyẹn. Àmọ́ àwọn oògùn tuntun tí orúkọ wọn parí sí gliflozin, dapagliflozin àti empagliflozin, tó máa ń jẹ́ kéèyàn tọ ṣúgà dànù, àwọn àti keto kì í gbé ilé kan náà, ketone lè pọ̀ débi tó máa sọ ẹ̀jẹ̀ di májèlé, èèyàn á máa bì, inú á máa run ún, á máa mí gúlegúle, kí glucometer sì máa fi nọ́ńbà tí kò ga rárá hàn. Ẹ̀rù èyí bà mí ju ti àǹtí mi lọ, torí gbogbo ilé á wo nọ́ńbà yẹn, wọ́n á ní kì í ṣe ṣúgà, wọ́n á lọ ra oògùn ibà. Ẹ rántí iyọ̀ tí mo ní ẹ fi sọ́kàn. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí omi àti iyọ̀ tún ń bá ìtọ̀ jáde lára ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ diet, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lè wálẹ̀ jù, òyì á kọ́ ọ bó ṣe fẹ́ dìde, ilé ìwẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣubú. Ẹni tó ń lo warfarin kí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ má baà dì, tó wá yọ òkèlè tó fi ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ rọ́pò ẹ̀ láàárọ̀ lọ́sàn-án lálẹ́, fáítámì K inú ẹ̀fọ́ á máa ba iṣẹ́ oògùn yẹn jẹ́. Ẹ̀fọ́ ò burú o. Òjijì yẹn ló burú.

Tẹ́ ẹ bá wá rò pé mo ń sọ pé kẹ́ni tó ní ṣúgà jìnnà sí diet, rárá o. Ní Scotland àti apá Tyneside ní England, wọ́n ṣe ìwádìí kan tó ń jẹ́ DiRECT, àbájáde ẹ̀ jáde ní 2017. Àwọn tí kò tíì ju ọdún mẹ́fà lọ tí wọ́n ti mọ̀ pé ṣúgà wà lára wọn, tí wọn ò sì tíì dórí insulin, ni wọ́n fi sórí omi ọbẹ̀ àti shake tí gbogbo ẹ̀ ò ju kálórì 825 sí 853 lọ lójúmọ́, fún oṣù mẹ́ta sí márùn-ún. Ebi gidi nìyẹn, mi ò rò pé coach kankan ní Lagos tíì ní kéèyàn jẹ oúnjẹ tó kéré tó bẹ́ẹ̀ fún oṣù márùn-ún. Lẹ́yìn ọdún kan, 46 nínú ọgọ́rùn-ún ni ṣúgà wọn ti wálẹ̀ dé ibi tí kò ti sí àìsàn náà mọ́ láìlo oògùn, láàárín àwọn tó jò tó kílò 15 sókè sì rèé, 86 nínú ọgọ́rùn-ún. Tó fi pé ọdún kejì ó ti di 36, ìyẹn náà kì í ṣe kékeré. Àmọ́ kí ni nǹkan àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe? Ọjọ́ tí diet bẹ̀rẹ̀ gan-an ni wọ́n dá oògùn ṣúgà àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru dúró fún wọn, nọ́ọ̀sì tàbí dietitian tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀ sì ń rí wọn déédéé, tí ẹ̀jẹ̀ bá tún ga, wọ́n á dá oògùn padà. Dókítà ló dá a dúró o, kì í ṣe pé kálukú lọ da oògùn ẹ̀ sínú ṣáláńgá.

Ti àwẹ̀ ńkọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní intermittent fasting? Mo fẹ́ràn ẹ̀ díẹ̀, torí kò náni ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìyanu tí wọ́n ń sọ pé ó wà nínú aago yẹn, mi ò rí i. Ní 2022, àwọn oníwádìí ní Guangzhou ní China tẹ ti wọn jáde, èèyàn 139, gbogbo wọn dín oúnjẹ kù bákan náà, apá kan ń jẹ tiwọn láàárín aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nìkan, apá kejì ń jẹ ẹ́ nígbà tó bá wù wọ́n. Lẹ́yìn ọdún kan, kílò 8 fún àwọn onáago, kílò 6.3 fún àwọn tó kù, wọ́n ní ìyàtọ̀ yẹn kò tó ohun téèyàn ń fọwọ́ sọ̀yà lé. Dídín oúnjẹ kù ló ṣiṣẹ́. Tí aago bá ràn yín lọ́wọ́ láti dín in kù, ẹ lò ó.

Àwẹ̀ tí mo wá fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ dáadáa ni ti ẹ̀sìn, torí ibẹ̀ ni tiwa pọ̀ sí. Al-Kùránì fúnra ẹ̀, nínú Súúrátúl Bákárà, yọ aláìsàn àti arìnrìn-àjò kúrò, wọ́n lè san án padà nígbà mìíràn, ẹni tí kò sì lágbára ẹ̀ á fi oúnjẹ bọ́ aláìní. Àwọn àgbà wa gbọ́ ọ lẹ́nu alùfáà lọ́dọọdún, wọ́n á ní àwọn lágbára. Ó dáa, tí wọ́n bá lágbára, kí wọ́n lọ rí dókítà ní Ṣáábánì, oṣù tó ṣáájú Ràmàdáánì, kó yí oògùn àti asìkò ẹ̀ padà, kì í ṣe ìgbà tí Ràmàdáánì bá ti dé ìdajì. Ti àwa Kristẹni ni àwẹ̀ gbígbẹ, ọjọ́ mẹ́ta láìmu omi, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń ṣe, àwọn kan sì ti wá ń fi ṣe diet náà. Ẹni tó bá jẹ́ SS nínú wọn ńkọ́? Kí omi gbẹ lára jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó máa ń fa crisis, gbogbo ẹni tó ti tọ́jú ọmọ SS rí ló mọ̀ pé omi ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu nọ́ọ̀sì. Mi ò mọ àdúrà tó ní kéèyàn fi egungun ẹ̀ san án. (Àwọn tó sì ń sọ pé àwọn ò lè gbààwẹ̀ torí ulcer, kokoro H. pylori àti oògùn ara ríro tí à ń gbé mì lórí òfìfo ló ń fa ọ̀pọ̀ ulcer, ẹ lọ ṣe test.)

Ti àwọn tí kì í jẹ ẹran, ẹ lọ sí Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, yunifásítì àwọn Adventist, ẹ ò ní rí ẹran nínú oúnjẹ kafitéríà wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa ráhùn, wọ́n á sì tún jẹ ẹ́. Àwọn Adventist l'Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ṣe ọ̀kan lára ìwádìí tó tóbi jù lórí ọ̀rọ̀ yìí, àbájáde tó jáde ní 2013 fi hàn pé ikú dín kù ní ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn tí kì í jẹ ẹran. Ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀gúsí, gbẹ̀gìrì, ohun èlò ẹ̀ kún ilẹ̀ wa, àwọn mìíràn gan-an ti di vegan láìgbèrò ẹ̀ nítorí iye tí wọ́n ń ta kílò ẹran báyìí. Ibi tó ti ń bà jẹ́ ni fáítámì B12, kò sí nínú ewébẹ̀ kankan bí kò ṣe nínú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà. Ẹ̀dọ̀ máa ń tọ́jú ẹ̀ pamọ́ fún ọdún mélòó kan, torí ẹ̀ ara èèyàn á le koko, á máa wàásù fún wa, kí ẹsẹ̀ ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri. Metformin náà sì máa ń dí B12 lọ́wọ́, torí náà ẹni tó ní ṣúgà tó wá yọ ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà kúrò pátá ń gba ìyà ẹ̀ lọ́nà méjì, wọ́n á sì ní ṣúgà ló ń jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Hóró B12 ò wọ́n, ẹ kàn béèrè.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ tuntun tẹ́ ẹ fẹ́ kí ikùn wọlé kọ́mọ tó pé oṣù mẹ́ta, ẹ fi keto sílẹ̀ ná, ṣúgà ara yín lẹ fi ń ṣe wàrà ọmú, ketone lè pọ̀ jù lára ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú débi tí wọ́n á gbé e dígbàdígbà lọ ọsibítù. Tíì tó ń jẹ́ kéèyàn yàgbẹ́, mi ò ní nǹkan púpọ̀ sọ nípa ẹ̀. Omi àti ìgbẹ́ lẹ fi owó yín rà.

Ní 2018, Christopher Gardner àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Stanford l'Amẹ́ríkà gbé ìwádìí wọn jáde, èèyàn 609, ọdún kan gbáko, apá kan dín ọ̀rá kù, apá kejì dín carb kù. Kílò 5.3 fún tọ̀rá, kílò 6 fún ti carb, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìyàtọ̀. Àmọ́ nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àwọn kan jò ju kílò 20 lọ, àwọn kan sì sanra sí i. Ìyẹn ni mo fi máa ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá ń jà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé keto ló dáa jù, rárá no-fat ni. Ohun tí ìjà yẹn ń bò mọ́lẹ̀ ni ohun tí ebi ń fi orí ṣe. Nígbà ogun àgbáyé kejì, 1944 sí 1945, oníwádìí kan tó ń jẹ́ Ancel Keys kó ọkùnrin 36 tí ara wọn dá sí Yunifásítì Minnesota, ó fún wọn ní bíi kálórì 1,600 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 24, èyí tó ju ohun tí ọ̀pọ̀ meal plan ń fún àwọn obìnrin wa lọ. Wọ́n jò, bíi ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara wọn lọ. Inú wọn ń bàjẹ́, òtútù ń mú wọn, oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń rò, àwọn ọkùnrin tí kò wọ ilé ìdáná rí ń ka ìwé oúnjẹ sísè di alẹ́. Ẹ má pe ara yín ní ọ̀jẹun tó bá ti di ọ̀sẹ̀ kẹfà diet tẹ́ ẹ ń lálàá iyán.

Dókítà ti yí oògùn àǹtí mi padà, glibenclamide ti kúrò níbẹ̀. Wọ́n ṣì ń jẹ àmàlà, ìdajì iye ti tẹ́lẹ̀, ewédú àti gbẹ̀gìrì ló kún àwo, wọ́n ń jẹun láàárọ̀, ara wọn ń jò díẹ̀díẹ̀, ó lọ́ra débi pé kò sẹ́ni tó máa fi wọ́n ṣe ẹ̀rí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n fi voice note ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ àwọn kan ní London ń gún abẹ́rẹ́ kan, Ozempic, oúnjẹ kì í wu ọ̀rẹ́ náà jẹ mọ́, ṣé mo lè bá wọn wá ẹni tó ń tà á ní Ìbàdàn. Mo ní kí wọ́n ya fọ́tò gbogbo páálí oògùn tó wà nínú dúrọ́ọ̀ wọn ránṣẹ́ sí mi kí n tó dáhùn. Wọ́n ti fi ránṣẹ́, páálí méje ni, méjì nínú ẹ̀ sì jẹ́ èyí tí dókítà wọn ò tíì gbọ́ nípa ẹ̀ rí.